Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ta ni yóò bá ìyá gbé ọmọ?

Ẹ̀yin Aṣòfin Ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nínú ìlú Ìbàdàn yìí náà ni mo sì ti ṣe é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ irú wa ni ẹlòmíràn nínú yín bọ́ sí lọ́jọ́ tó wáyé. Bí ohùn mi bá le níbì kan, ẹ má bínú. Ohùn yàrá ìgbẹ̀bí ni, kò ní àrífín nínú.

Ìwé ìtàn-àròsọ kan ló fà á tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Jessamine Chan, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ sì ni The School for Good Mothers. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló gbé e wá fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ ka èyí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín ni." Ẹ lè ní kí ló kan Agodi, níbi tí ilé yín wà, nínú ìwé òyìnbó. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Frida Liu ń gbé ní Philadelphia. Ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, ó ti tẹ̀ lé obìnrin mìíràn. Harriet, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jẹ́ ọmọ oṣù 18. Lọ́jọ́ kan, oorun ń pa obìnrin yìí, iṣẹ́ ń dúró dè é, ọmọ kò yéé sunkún. Ó fi ọmọ sílẹ̀ nínú ilé, ó jáde, kò sì padà fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Aládùúgbò gbọ́ ẹkún ọmọ, wọ́n pe ọlọ́pàá. Ìjọba gba ọmọ, wọ́n wá fi kámẹ́rà sínú ilé ìyá láti máa wo bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ lo ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn ìyá tó kùnà. Bó bá kọ̀, ó pàdánù ọmọ náà nìyẹn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní ọmọláńgidi tó ń sọ̀rọ̀, tó ń ké, tó sì ń ká gbogbo ohun tí ìyá bá ṣe sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ti ń dì mọ́ ọmọ. Ìdìmọ́ ìtùnú lọ́tọ̀, ìdìmọ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ aago lé e lórí kó má kéré jù, kó má pọ̀ jù. Wọ́n ń mú wọn fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ léraléra pé ìyá burúkú ni àwọn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn bàbá náà wà lọ́tọ̀. Ọwọ́ tó rọ̀ ni wọ́n fi mú àwọn yẹn.

Òǹkọ̀wé yìí ti ṣàlàyé pé ìròyìn gidi kan tí òun kà, nípa ìyá kan tí ìjọba gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbé ìtàn náà sí òun nínú. Nítorí náà, kì í ṣe àlá lásán.

Fífi ọmọ oṣù 18 sílẹ̀ lóun nìkan nínú ilé burú. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo ti rí ohun tí sítóòfù tó ń jó àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lè fi ọmọ ṣe kí ìyá tó yíjú padà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé náà lọ, ìbéèrè kan ni mò ń wá lẹ́nu àwọn olùkọ́ ibẹ̀, lẹ́nu adájọ́, lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mi ò sì rí i: lọ́jọ́ tí oorun ń pa obìnrin yìí, ta ló yẹ kó bá a gbé ọmọ dání kó lè sùn?

Ẹ̀rù ni ìwé náà fi ba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ aago lé ìdìmọ́. Máíkírà wa, takisí kékeré tí à ń wọ̀ ní Ìbàdàn, ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Ìwó Road lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́mọ tuntun bá jókòó lẹ́yìn. Kí ẹ tó dé Agodi Gate, awakọ̀ yóò ti ní kó fi fìlà dé ọmọ lórí, atẹ́gùn ń fẹ́. Màmá tó jókòó tì í yóò ní kó ṣí fìlà kúrò, ooru yóò pa ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú, tí kò tíì sin ẹyẹlé rí, yóò bojú wẹ̀yìn, yóò ní ẹ̀gbọ́n òun kì í gbé ọmọ báyẹn o. Ìyá ọmọ yóò máa dáhùn pé "ẹ ṣé, mà," "ẹ ṣé, sà," títí yóò fi sọ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kó gbé báàgì rẹ̀ wá kí òun bá a dì í mú.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí jákèjádò ìlú. Bó bá pọn ọmọ lọ sọ́jà, ó ń fi oòrùn jẹ ọmọ níyà. Bó bá gbé e fún aládùúgbò, ó ń gbé ọmọ fún ẹni tí kò mọ orísun rẹ̀. Bó bá gba ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bá a tọ́ ọmọ, ọjọ́ tí ọmọ bá sì sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, ẹ̀bi kò jìnnà. Bó bá wá jókòó sílé, ọ̀lẹ ni, ọkọ ló ń bọ́ ọ. Bó bá bí ọmọ kan tó dúró, àwọn àna yóò máa bi í pé kí ló dé. Bó bá bí mẹ́fà, àwa nọ́ọ̀sì la óò máa bi í pé kí ló dé. Ìwé Frida ní ìdánwò, ìdánwò náà sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ti ọmọbìnrin Ìbàdàn kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí mi. Obìnrin kan ń ta tàtàṣé ní Bódìjà. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ tó kó ata láti Òkè Ọya ti ń jákalẹ̀, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín in, àjẹkù ni yóò rà, àjẹkù ni yóò tà. Ọmọ ọdún méjì rẹ̀ ń sùn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ fún ẹni tí yàrá wọn jọ kọjú síra pé kó máa fetí sí ọmọ, ó sáré lọ. Ẹni yẹn náà gbọ́ ìpè tirẹ̀, ó jáde. Ọmọ jí. Nígbà tí ẹkún pọ̀, wọ́n já ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin Ọlọ́lá, fóònù márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wọ yàrá yẹn kí ẹnì kan tó fọwọ́ kan ọmọ. Kí ìyá rẹ̀ tó gbé agbọ̀n dé, fídíò ti wọ WhatsApp, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Onílé fún un ní ìwé pé kó kó jáde.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó gbé fídíò náà ká pé bàbá ọmọ náà ńkọ́. Ó ní, "Ha, Màmá, bàbá ti lọ síbi iṣẹ́ ní tirẹ̀."

Mo ní, ìyá náà, ibo ló lọ?

Kò dáhùn. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó kàn jẹ́ pé a ti tọ́ gbogbo wa dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ọmọ tó dára ti bàbá ni, èyí tí kò dára ti ìyá rẹ̀ ni. Bí ọmọ bá hùwà àìdáa lójú títì, "ìyá ẹ ò kọ́ ẹ nílé ni?" la ń pariwo. Mo ti dàgbà púpọ̀, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n bi ọmọ kan pé bàbá rẹ̀ ò kọ́ ọ nílé ni. Ìjọba Amẹ́ríkà inú ìwé náwó kó tó fi kámẹ́rà sílé Frida. Tiwa, àwa fúnra wa là ń ra dátà sí i.

Bí ẹ bá gba Challenge kọjá, ẹ óò rí ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn? Tàbí kí n sọ pé, ta ni kò mọ eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1970, níbi tí Ìyálóde ti pàṣẹ pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, tó sì ní kí wọ́n pa Adétutù nítorí oyún? Eré tó dùn ni, èdè inú rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn sọ fún wa pé ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán bí, obìnrin, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ náà sì kú sí ní 1860. Mo ti wà níbi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ bí ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ wá bímọ ṣe ń rí nígbà tí a bá jáde sí i tí a kò gbé nǹkan kan dání.

Obìnrin yìí wá di Ìyálóde. Ó ní oko, ó ní ẹrú, ó ń ta ohun ìjà fún àwọn ológun láwìn, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà, tó ń ṣàkóso Ìbàdàn nígbà náà, gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti kọ̀wé lórí agbára tí Ìyálóde ní nínú ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ owó wà nínú ikú yẹn dáadáa. Àmọ́ kí la rántí? Pé kò ní ọmọ, pé àìlọ́mọ ló sọ ọ́ di ìkà. Ó ṣìkà, mi ò sọ pé kò ṣe é. Ṣé àwọn Balógun wa kò ṣìkà ni? Wọ́n kó ìlú, wọ́n ta ènìyàn. Mélòó nínú wọn la mọ iye ọmọ tí wọ́n bí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe tọ́ wọn? Oyè ọkùnrin dúró lórí ogun tó jà. Ti obìnrin, a ní láti kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọ wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà inú yín yóò sọ, torí pé ẹgbẹ́ mi náà ń sọ ọ́: "Ìyá tèmi bí mẹ́jọ, ó ń tajà, kò sí jẹ́lé-ó-sinmi kankan nígbà náà." Òótọ́ ni. Mo mọ irú ilé tí ìyá bẹ́ẹ̀ gbé. Ẹ bá mi dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, kí ẹ wo agbo ilé tó ṣẹ́ kù. Ìyá ọkọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orogún wà ní ẹ̀yìnkùlé, ìyàwó àbúrò ọkọ ń fọ aṣọ. Ọmọ tó bá ké, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò gbé e. Àwọn tó ní, "Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó," nínú irú agbo ilé báyẹn ni wọ́n ti sọ ọ́, igba ọwọ́ sì ń tẹ̀ lé igba ojú yẹn. Lónìí, ọmọ ọmọ agbo ilé yẹn kan náà wà nínú yàrá kan ní Apẹtẹ tàbí Ológunérù, láàárín àwọn tí kò mọ ìdílé rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní tirẹ̀, tàbí kó ti wọ bàálù lọ tọ́jú ọmọ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú ṣì pé igba, ó tilẹ̀ lè ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni kò sí mọ́.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Ta ló ń pọn àbúrò ní ayé àtijọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin. Ọmọdé náà ni alágbàtọ́. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sọ àbúrò kalẹ̀, ó gbé síléètì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó jàǹfààní rẹ̀ ni mo jẹ́, bí kò bá sí i, n kì bá tí di nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìjọba tó mú alágbàtọ́ lọ sílé-ìwé kò fi ẹnì kankan rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn ìyá, títí di òní olónìí. Ìyá ló ń san gbèsè yẹn látìgbà náà, a sì ń bi í léèrè pé kí ló dé tí kò ṣe bíi ti ìyá rẹ̀.

Ẹ wá wo òfin tiwa. Ní kílíníìkì aboyún, orin là fi ń kọ́ wọn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ìlera wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dára fún ọmọ. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 26. Òfin Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12: mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fàyè gba ọ̀gá láti san ìdajì owó rẹ̀ fún un ní àkókò náà. Nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kó fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ wo? Èyí tó wà ní Akóbọ̀ nígbà tí ìyá wà ní Rìngì Róòdù? Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16, bàbá sì ń gba ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún òfin iṣẹ́ ọba ṣe ní 2021. Èkó ti fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ láti 2014, wọ́n fún bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin alátàtàṣé kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ìwádìí ìlera gbogbo Nàìjíríà ti ọdún 2018 rí i pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Nígbà tí iye yẹn jáde, àwọn kan ní ká túbọ̀ máa la àwọn ìyá lọ́yẹ̀. Ta ni kò tíì là wọ́n lọ́yẹ̀? Wọ́n mọ orin náà ju èmi tí mo fi kọ́ wọn lọ.

Ìpínlẹ̀ wa yìí sì ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2006. Òfin rere ni. Òbí ni òfin irú èyí ń pè lẹ́jọ́ bí ìtọ́jú ọmọ bá mẹ́hẹ. Nínú ìṣe, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí a máa ń lọ kanlẹ̀kùn fún.

Mo mọ̀ pé Òfin Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Àbújá, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Mo ka ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kí n tó jókòó kọ èyí. Ìwé yẹn kan náà ló fi ọjà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń ṣe òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ọjà wà lọ́wọ́ yín. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò gba ẹnikẹ́ni lọ sí Àbújá.

Ẹ ṣe òfin pé ọjà ńlá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi nínú ọgbà rẹ̀. Ẹ fi Bódìjà, Gbági Tuntun, Ọ̀jẹ́ àti Ọjà'ba bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ kọ́ ilé alárànbarà tí gómìnà yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Yàrá méjì tàbí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, omi tó ń yọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ẹní, àwọ̀n ẹ̀fọn, ibi tí ìyá lè jókòó fún ọmọ lọ́mú láìsí pé aláàárù ń fi ẹrù gbá a lórí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni aago. Àwọn jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni tó wà nígboro kì í ṣílẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, owó táàmù ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Alátàtàṣé ti dé ọjà kí wọ́n tó jí, owó òòjọ́ ló sì ń rí. Ó gbọ́dọ̀ ṣí ní aago márùn-ún àárọ̀. Ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa san án, owó táṣẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mẹ́nu kan tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé kò sí ìyá ọlọ́jà tí ẹ kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó náà padà fún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ, Ìbàdàn kún fún wa. Àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò dé lásìkò (èyí náà wà lọ́rùn yín, àmọ́ lẹ́tà mìíràn nìyẹn). Àwọn ìyá àgbà kan sì wà nínú ọjà báyìí tó ń bá àwọn ọlọ́jà mú ọmọ nísàlẹ̀ àtẹ, tí ọmọ ń sùn nínú páálí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òfin lé àwọn wọ̀nyẹn jáde. Ẹ kọ́ wọn bí a ti ń yọ ohun tó bá há ọmọ lọ́fun, bí a ti ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí ẹ sì san owó fún wọn. Àwọn nìkan ni igba ọwọ́ tó ṣẹ́ kù fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde nínú ilé yín pé kí wọ́n fi kámẹ́rà síbẹ̀, ẹ bi í bóyá omi ti débẹ̀.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, mo fẹ́ kí ìsinmi ìyá tó oṣù mẹ́fà tí à ń fi orin kọ́ wọn, kí jẹ́lé-ó-sinmi sì wà ní Sẹkitéríàtì níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì yín gan-an, kí ẹ máa gbọ́ ẹkún nígbà tí ẹ bá ń jókòó. Ẹ fún bàbá ní ìsinmi tirẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹni tó lè gbé ọmọ wọlé, kó gbé e jáde. Wọn yóò ní àwọn ọkùnrin yóò fi ìsinmi náà lọ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn kan yóò lọ. Àwọn kan yóò kọ́ bí a ti ń wẹ ọmọ, mo ti rí irú wọn, ọwọ́ wọn a máa gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì wọn a máa bá ìyàwó jiyàn lórí bí omi ṣe gbọ́dọ̀ lọ́ tó.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe é ní gbọ̀ngàn Agodi ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè wá, àwọn tí yóò wá ni àwa tí ọmọ wa ti dàgbà, àti àwọn ẹgbẹ́ tó mọ bí a ti ń di gèlè fún fọ́tò. Ẹ wá sí Bódìjà lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí títà bá ti rọlẹ̀. Ẹ bá Ìyálọ́jà sọ ọ́ ṣáájú. Kí akọ̀wé yín máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní Yorùbá tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹ sì mú ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún wá tí yóò bá wọn gbé ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wá ẹni tó pé tì, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní Yemẹtu.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Yemẹtu, Ìbàdàn.